Vito Volterra

Ní ọjọ́ kẹta oṣù karùn-ún ọdún 1860 ni a bí Vito Volterra ní Ancona, ìlú kan ní etí òkun ilẹ̀ Ítálì. Júù ni àwọn òbí rẹ̀, wọn kò sì rí jájẹ. Ọmọ ọdún méjì péré ni ó jẹ́ nígbà tí bàbá rẹ̀ kú, arákùnrin ìyá rẹ̀ ni ó sì gbà wọ́n sílé. Láti kékeré ni ọkàn rẹ̀ ti fà sí ìṣirò. Ó gba oyè dókítà ní Yunifásítì Pisa ní 1882; ní ọdún kejì ó di ọ̀jọ̀gbọ́n níbẹ̀. Ó kọ́ni ní Turin, ó sì dé Róòmù ní 1900.

Ní 1907 ni ó tẹ iṣẹ́ pàtàkì kan jáde. Ẹ jẹ́ kí a fi òrùka rọ́bà ṣe àpẹẹrẹ rẹ̀. Bí a bá gé e ní ojú kan, tí a yọ ègé tẹ́ẹ́rẹ́ kúrò, tí a sì fa ojú méjèèjì pọ̀, tí a lẹ̀ wọ́n, yóò tún di odindi. Síbẹ̀, inú rẹ̀ yóò máa fà, bí ẹnikẹ́ni kò tilẹ̀ fọwọ́ kàn án. Volterra fi ìṣirò hàn pé oríṣi mẹ́fà ni irú àlébù bẹ́ẹ̀: mẹ́ta nípa sísún ojú ibi tí a gé kúrò ní ipò rẹ̀, mẹ́ta nípa yíyí i.

Àwọn átọ́ọ̀mù inú irin àti bàbà tò lẹ́sẹẹsẹ bí ebè inú oko. Ohun tí ó bá tò bẹ́ẹ̀ ni à ń pè ní kírísítà. Bí ìtò náà bá pé pérépéré, ìṣirò fi hàn pé irin ìbá le ju bí ó ti rí lọ ní ìlọ́po púpọ̀. Kí ni ó dé tí ó fi ń tẹ̀? Ní 1934, Taylor, Orowan àti Polanyi dáhùn, olúkúlùkù nínú ìwé tirẹ̀, pé ìtò náà a máa yẹ̀ ní ibì kan, irú àlébù tí Volterra ti ṣírò, ibẹ̀ ni irin sì ti ń yọ̀ díẹ̀díẹ̀.

Lẹ́yìn 1950, Kondo ní Japan, Bilby ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Kröner ní Jámánì fi jẹ́ọ́mẹ́tìrì ààyè tí ó lọ́, èyí tí Élie Cartan ará Faransé ti là sílẹ̀ ní 1922, ṣàpèjúwe àlébù wọ̀nyí. Ẹni tí ó bá ka ebè mẹ́wàá síwájú, mẹ́wàá sí ọ̀tún, mẹ́wàá sẹ́yìn àti mẹ́wàá sí òsì yóò padà sí ibi tí ó ti gbéra. Ṣùgbọ́n bí ìlà ebè kan bá dópin láàárín ibi tí ó rìn yí ká, kò ní dé ibẹ̀. Àlàfo tí ó ṣẹ́ kù ni ìwọ̀n àlébù náà.

Volterra kò rí ìdàgbàsókè ìkẹyìn yìí. Ní 1931, ìjọba Mussolini pàṣẹ pé kí gbogbo ọ̀jọ̀gbọ́n yunifásítì búra láti jẹ́ olóòótọ́ sí ìjọba Fásísìtì. Òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà: nínú ọ̀jọ̀gbọ́n tí ó lé ní 1,200, àwọn tí ó kọ̀ kò ju bíi méjìlá lọ. Volterra, ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin, wà lára wọn. Wọ́n gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ní 1934 wọ́n tún yọ ọ́ kúrò nínú àwọn ẹgbẹ́ ọ̀mọ̀wé ilẹ̀ náà. Kò yí ohùn padà títí ó fi kú ní Róòmù ní ọjọ́ kọkànlá oṣù kẹwàá ọdún 1940. Ipò rẹ̀ lọ, orúkọ rẹ̀ kò lọ: títí di òní, orúkọ Volterra ni àwọn onímọ̀ fi ń pe àwọn àlébù tí ó kọ́kọ́ ṣírò.