Ògèdèǹgbé àti Òkè Kírìjì

Ní Àtọ̀rìn, abúlé kan nítòsí Iléṣà, ni a bí Ọ̀rìṣáráyíbí Ògúndámọ́lá, ẹni tí gbogbo ilẹ̀ Yorùbá wá mọ̀ sí Ògèdèǹgbé. Nígbà èwe rẹ̀, àwọn ará Ìbàdàn kó o lẹ́rú lójú ogun. Ṣùgbọ́n ìgbèkùn yìí di ilé-ẹ̀kọ́ fún un, nítorí ní Ìbàdàn gan-an ni ó ti kọ́ ọgbọ́n ogun. Nígbà tí Ìbàdàn ṣẹ́gun Iléṣà ní 1870, ó wà lára àwọn tí ó gbìyànjú láti gba ìlú náà là. Ó bọ́, ó sì kó àwọn ọmọ ogun tirẹ̀ jọ ní ìhà Àkúrẹ́.

Ní 1878, Fábùnmi ti Òkè-Ìmẹ̀sí pa ajẹ́lẹ̀ Ìbàdàn. Àwọn Èkìtì, àwọn Ìjẹ̀ṣà àti àwọn mìíràn bá parapọ̀ láti já àjàgà Ìbàdàn kúrò lọ́rùn wọn. Ní oṣù kọkànlá ọdún náà ni Ìbàdàn pa wọ́n ní ìpakúpa ní Ìkìrun. Ìgbà náà ni àwọn Èkìtìparapọ̀ ránṣẹ́ sí Ògèdèǹgbé léraléra, kí ó tó gbà láti wá ṣe olórí ogun wọn.

Àwọn òkè tí ó wà láàrin Ìgbájọ àti Ìmẹ̀sí-Ilé ni ogun náà dúró sí. Ẹ wo bí ilẹ̀ náà ti rí. Lẹ́yìn Ìmẹ̀sí-Ilé ni ọ̀nà ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà àti ti Èkìtì wà. Lẹ́yìn Ìgbájọ, ilẹ̀ rọ̀ sísàlẹ̀ lọ sí Ìkìrun, ibi tí ọ̀nà Ìbàdàn àti ọ̀nà Ọ̀fà gbà kọjá. Bí Ìbàdàn bá gba òkè náà kọjá, Èkìtì di ilé tí kò ní ilẹ̀kùn. Bí Èkìtìparapọ̀ bá sì gba Ìgbájọ, Ìkìrun kò ní sùn mọ́. Nítorí náà ni ẹgbẹ́ méjèèjì fi tẹ̀dó síbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, tí wọ́n kọ́lé, tí wọ́n sì bímọ sí ibùdó. Àwọn ọmọ Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì tí ń gbé Èkó fi ìbọn ìgbàlódé, èyí tí a ń ki ọta sí láti ìdí, ránṣẹ́ sí àwọn ará wọn. Ṣakabùlà ni púpọ̀ nínú àwọn ará Ìbàdàn ṣì ń lò. Ìró ìbọn wọnnì láàrin òkè ni a fi sọ ogun náà ní Kírìjì. Ààrẹ Látòósà, olórí ogun Ìbàdàn, kú sí ibùdó ní 1885.

Àwọn kan bu Ògèdèǹgbé pé kò sọ̀kalẹ̀ lọ parí ogun. Èmi kò bá wọn dá a lẹ́bi. Ohun tí pẹ̀tẹ́lẹ̀ Ìkìrun fi ojú àwọn ènìyàn rẹ̀ rí kò tíì di ìgbàgbé.

Nígbà tí a fọwọ́ sí ìwé àdéhùn ní 1886, Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà gba òmìnira wọn, ṣùgbọ́n àwọn ìlú orí òkè ni ó le jù nínú ọ̀rọ̀ náà. A fi Ìgbájọ, Ìrèsì, Àdá àti Ọ̀tan sílẹ̀ fún Ìbàdàn, a sì gbà pé kí ẹnikẹ́ni tí kò bá fẹ́ wà lábẹ́ wọn kó ẹrù rẹ̀ lọ. Ó dun àwọn Èkìtìparapọ̀ púpọ̀. Títí di 1893, nígbà tí Gómìnà Carter wá, ogun kò tíì tú tán.

Ní 1894, Ọ̀gágun Bower mú Ògèdèǹgbé, wọ́n sì gbé e lọ sí Ìwó. Nígbà tí a dá a sílẹ̀, ó padà sí Iléṣà, ó jẹ oyè Ọbańlá, ó sì kú ní 1910. Ìgbájọ àti Ìmẹ̀sí-Ilé ti wà ní ìpínlẹ̀ kan náà, Ọ̀ṣun, láti 1991.