Louis Pasteur àti Ajá Dìgbòlugi

Ní ọdún 1822 ni a bí Louis Pasteur ní ìlú Dole, ní ilẹ̀ Faransé. Oníṣẹ́ awọ ni bàbá rẹ̀. Pasteur kì í ṣe dókítà. Ìmọ̀ kẹ́mísìrì ni ó kọ́. Ó bí ọmọ márùn-ún, mẹ́ta nínú wọn kú ní kékeré. Ẹni tí irú èyí bá ṣẹlẹ̀ sí kò ní fi ọ̀rọ̀ àìsàn ṣeré.

Ní ọdún 1879, ó ń wádìí àrùn kan tí ń pa adìẹ. Ó ń sin kòkòrò àrùn náà sínú ìgò. Ojú lásán kò lè rí kòkòrò yìí. Àwọn kan pẹ́ nínú ìgò títí agbára wọn fi dín kù. Nígbà tí wọ́n fi wọ́n gún adìẹ, àwọn adìẹ náà kò kú. Lẹ́yìn náà, wọ́n fi kòkòrò tuntun tí ó le gún àwọn adìẹ kan náà. Síbẹ̀ wọn kò kú. Ṣùgbọ́n àwọn adìẹ mìíràn, tí a kò kọ́kọ́ gún, kú. Ara àwọn adìẹ tí a kọ́kọ́ gún ti dá ọ̀tá rẹ̀ mọ̀, ó sì ti múra dè é.

Ní ọdún 1881, ó fún àgùntàn 24 ní abẹ́rẹ́ àjẹsára ní Pouilly-le-Fort. Ó fi 24 mìíràn sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó fi kòkòrò líle gún gbogbo wọn. Ní ọjọ́ 2 oṣù kẹfà, àwọn èrò wá wò wọ́n. Kí ilẹ̀ tó ṣú, gbogbo àgùntàn tí kò gba àjẹsára ti kú. Àwọn tí ó gbà á wà lórí ìdúró.

Lónìí, a lè fa ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ lára ènìyàn, kí a yẹ̀ ẹ́ wò bóyá àjẹsára ti mú. Pasteur kò ní irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀.

Ní ọjọ́ 6 oṣù keje ọdún 1885, ìyá kan mú ọmọ rẹ̀ tọ̀ ọ́ wá láti Alsace. Joseph Meister ni orúkọ ọmọ náà, ọmọ ọdún 9 ni. Ajá dìgbòlugi ti bù ú jẹ. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé bí àrùn yìí bá ti hàn lára ènìyàn, ikú ni. Pasteur mú mùdùnmúdùn ẹ̀yìn ehoro tí àrùn náà pa, ó gbé e kọ́ sínú ìgò kí ó gbẹ, kí agbára kòkòrò náà lè dín. Èyí tí ó gbẹ jù ni wọ́n kọ́kọ́ lò. Lẹ́yìn náà, wọ́n ń lo èyí tí kò gbẹ tó ti ìṣáájú. Dókítà Grancher ni ó ń gún ọmọ náà, abẹ́rẹ́ 13 ní ọjọ́ 11. Èyí tí ó kẹ́yìn le tó ohun tí ń pa ènìyàn. Pasteur kò rí oorun sùn.

Ọmọ náà kò kú. Ní ọdún 1888, wọ́n ṣí ilé ìwádìí kan ní Paris ní orúkọ Pasteur. Ọdún 1895 ni Pasteur kú, inú ilé yẹn ni ibojì rẹ̀ sì wà. Nígbà tí Meister dàgbà, òun ni ó di aṣọ́nà níbẹ̀.