Fẹlá àti Fẹ́mi: Nígbà tí bàbá àti ọmọ ò bá ara wọn sọ̀rọ̀

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí ń dun ọ̀pọ̀ nínú wa, ṣùgbọ́n a kì í fẹ́ sọ ọ́ síta. Ní Temple Hills níbí tí mò ń gbé, bí àwọn bàbá Yorùbá bá ti jókòó pọ̀, ì báà jẹ́ níbi ìsọmọlórúkọ tàbí níbi tí a ti ń gẹrun, kò ní pẹ́ tẹ́ ẹ ó fi gbọ́ ọ. Ọ̀kan á ní ọmọ òun ọkùnrin kì í gbé fóònù òun mọ́. Òmíràn á ní iṣẹ́ dókítà lòun ní kí ọmọ òun kọ́, orin ló lọ ń kọ. Ẹlòmíì ò tiẹ̀ ní sọ nǹkan kan, á kàn mi orí ni.

Ìdí nìyí tí mo fi ní ká jọ wo ìgbésí ayé ẹnì kan tí gbogbo wa mọ̀, ìyẹn Fẹlá Aníkúlápó-Kútì. Ẹ fọkàn balẹ̀, mi ò fẹ́ sọ̀rọ̀ igbó tó ń mu, mi ò sì fẹ́ sọ ti ìyàwó mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n tó fẹ́ lọ́jọ́ kan ṣoṣo lọ́dún 1978. Ìyẹn a ti gbọ́ ọ sú. Fẹlá ọmọ bàbá rẹ̀ ni mo fẹ́ sọ, àti Fẹlá tó jẹ́ bàbá Fẹ́mi.

Abẹ́òkúta ni wọ́n ti bí Fẹlá, lọ́jọ́ 15 oṣù kẹwàá ọdún 1938. Bàbá rẹ̀, Àlùfáà Israel Olúdọ̀tun Ransome-Kútì, ni ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ Abẹ́òkúta Grammar School láti ọdún 1932 títí di 1954. Àwọn náà ni ààrẹ àkọ́kọ́ fún ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ Nàìjíríà. Ìyá rẹ̀ ni Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kútì, obìnrin ogun tó kó àwọn obìnrin Ẹ̀gbá jọ lórí ọ̀rọ̀ owó orí. Ilé orin ni ilé wọn pẹ̀lú. Bàbá bàbá rẹ̀, Àlùfáà J. J. Ransome-Kútì, ti kọ orin ìyìn Yorùbá sínú àwo ní London ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn. Nínú ilé yẹn náà ni Fẹlá ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń tẹ dùùrù.

Ṣùgbọ́n bàbá yẹn le o! Ọ̀gá ilé-ìwé ni wọ́n níléèwé, ọ̀gá ilé-ìwé náà ni wọ́n nílé. Pàṣán ò jìnnà sí wọn, bó ṣe rí nínú ọ̀pọ̀ ilé olùkọ́ láyé ìgbà yẹn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ dàgbà lábẹ́ irú bàbá bẹ́ẹ̀, ẹ mọ ohun tí mò ń sọ. Ọdún 1955 ni bàbá náà kú, Fẹlá ò sì tíì ju ọmọ ọdún 16 lọ. Ọmọ tí bàbá rẹ̀ kú nígbà tó ṣì wà lọ́mọdé, kò rí àyè jókòó ti bàbá náà gẹ́gẹ́ bí àgbàlagbà sí àgbàlagbà, kí wọ́n jọ yanjú ohun tó bá wà láàárín wọn.

Nígbà tó di ọdún 1958, àwọn ẹbí rán an lọ sí London pé kó lọ kọ́ṣẹ́ dókítà. Àwọn ẹ̀gbọ́n àti àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ṣe dókítà lóòótọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí Fẹlá débẹ̀, Trinity College of Music ló gbà lọ. Ẹ fi èyí sọ́kàn dáadáa, torí a máa padà sí i. Ọmọ tí wọ́n rán níṣẹ́ kan ló lọ jẹ́ òmíràn, torí ohun tó wà nínú rẹ̀ lágbára ju àṣẹ ilé lọ.

London náà ló ti fẹ́ Rẹ̀mílẹ́kún Taylor. Wọ́n bí Yẹni lọ́dún 1961, wọ́n sì bí Fẹ́mi ní oṣù kẹfà ọdún 1962. Nígbà tí Fẹlá padà sílé, ó tún ẹgbẹ́ Koola Lobitos tó ti dá sílẹ̀ ní London tò. Lọ́dún 1969, ó wá sí Amẹ́ríkà níbí, ó dé Los Angeles, ibẹ̀ ni ojú rẹ̀ ti là sí ọ̀rọ̀ àwọn aláwọ̀ dúdú. Àtìgbà yẹn ni orin rẹ̀ ti yí padà pátápátá, tó di afrobeat tí gbogbo ayé mọ̀. Ó yọ Ransome kúrò nínú orúkọ rẹ̀, ó fi Aníkúlápó sí i. Ó dá Kalakuta sílẹ̀. Lọ́jọ́ 18 oṣù kejì ọdún 1977, àwọn ṣọ́jà ya wọ ilé yẹn, wọ́n lu èèyàn, wọ́n dáná sun ilé. Wọ́n ju ìyá rẹ̀ látojú fèrèsé, ìyá náà ò sì lò ju ọdún kan àti díẹ̀ lọ lẹ́yìn rẹ̀ kó tó kú ní oṣù kẹrin ọdún 1978.

Ọ̀dọ̀ ìyá wọn ni Fẹ́mi ti ń dàgbà kó tó lọ bá bàbá rẹ̀. Ohun kan wà tó máa ya Yorùbá lẹ́nu níbẹ̀. Fẹlá ò jẹ́ kí àwọn ọmọ rẹ̀ pe òun ní bàbá tàbí dádì. Fẹlá ni wọ́n ń pè é, bí gbogbo ayé ṣe ń pè é. Kò fẹ́ kí ọmọ òun rò pé òun ga ju ọmọ àwọn ẹlòmíì tó kún inú ilé lọ. Ẹni tí bàbá rẹ̀ le mọ́ ní tirẹ̀ wá jọ̀wọ́ okùn pátá. Ẹ ò rí i pé ọ̀rọ̀ bàbá rẹ̀ ṣì ni Fẹlá ń dáhùn? Àmọ́ ọmọ nílò bàbá. Ọ̀rẹ́ tó bá rí níta tó o.

Fẹ́mi fi iléèwé sílẹ̀ kó tó pé ọmọ ogún ọdún, ó wọ ẹgbẹ́ Egypt 80 ti bàbá rẹ̀, ó ń fọn fèrè saxophone. Bàbá ò bínú sí i rárá, torí Fẹlá ka iléèwé òyìnbó sí ohun tó ń ba orí ọmọ aláwọ̀ dúdú jẹ́. Síbẹ̀ kò jókòó ti ọmọ náà kó kọ́ ọ lórin. Fẹ́mi fúnra rẹ̀ ti sọ ọ́ lọ́pọ̀ ìgbà pé òun ló wá ọ̀nà ara òun.

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1984, Fẹlá fẹ́ wá ṣeré ní Amẹ́ríkà níbí. Àwọn aláṣẹ mú un ní pápákọ̀ òfuurufú Èkó, wọ́n ní ó fẹ́ kó owó ilẹ̀ òkèèrè jáde. Wọ́n dá ẹ̀wọ̀n ọdún márùn-ún fún un. Ta ló wá máa darí ẹgbẹ́? Fẹ́mi ni, ọmọ ọdún 22. Ẹgbẹ́ tó kún fún àwọn àgbà olórin, tó jẹ́ ojú bàbá rẹ̀ nìkan ni wọ́n ń wò, òun ló gbé e nígbà tí bàbá wà lẹ́wọ̀n. Kò jẹ́ kó tú.

Wọ́n dá Fẹlá sílẹ̀ ní oṣù kẹrin ọdún 1986. Ká ní eré orí ìtàgé ni, ibẹ̀ ni wọn ì bá ti dì mọ́ra, kí ìtàn parí. Àmọ́ lọ́dún yẹn gan-an ni Fẹ́mi kó jáde, tó dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀, Positive Force. Ẹni tó ti mọ bí wọ́n ṣe ń darí kò lè padà sẹ́yìn mọ́, ó fẹ́ mọ̀ bóyá òun lè dá dúró láìjẹ́ òjìji bàbá. Ó dun Fẹlá wọra. Nígbà tí mo jáde lẹ́wọ̀n ni ọmọ mi fi mí sílẹ̀: ẹ ti bàbá yẹn rò o. Ni ìdákẹ́jẹ́ẹ́ bá dé. Fún ọdún mélòó kan, bàbá àti ọmọ tí wọ́n jọ ń kọ irú orin kan náà ní Èkó kan náà, wọn ò bá ara wọn sọ̀rọ̀.

Àwọn àgbà máa ń wí pé bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká padà sí ohun tí mo ní kẹ́ ẹ fi sọ́kàn. Kí ni Fẹ́mi ṣe tí Fẹlá ò kọ́kọ́ ṣe? Fẹlá kọ ọ̀nà tí ẹbí là sílẹ̀ fún un, ó gba tirẹ̀. Fẹ́mi náà kọ ọ̀nà tí Fẹlá là sílẹ̀, ó gba tirẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ kan náà ni. Ohun tó ń dun bàbá lára ọmọ yẹn, ara òun fúnra rẹ̀ ló ti jáde.

Kò sì pẹ́ tí gbogbo ayé fi rí i pé ọmọ náà ò ṣáko. Lọ́dún 1995, àwo Fẹ́mi jáde lábẹ́ Motown, ilé-iṣẹ́ orin ńlá ti Amẹ́ríkà níbí. Fẹlá ní tirẹ̀ ti ń dàgbà, ara ti ń rọ̀ ọ́. Lẹ́yìn ọdún 1992 kò gbé àwo tuntun jáde mọ́, ilé ìjọsìn orin rẹ̀ ní Ìkẹjà nìkan ló kù tó ti ń ṣeré. Inú rẹ̀ rọ̀, wọ́n parí ìjà. Kí ọlọ́jọ́ tó dé, bàbá àti ọmọ ti ń sọ̀rọ̀ padà. Ohun tó wú mi lórí jù nínú gbogbo ìtàn yìí nìyẹn. Ká ní wọn ò parí ẹ̀, irú ẹrù wo ni Fẹ́mi ì bá máa rù kiri?

Ọjọ́ kejì oṣù kẹjọ ọdún 1997 ni Fẹlá kú, lẹ́ni ọdún 58. Olíkóyè, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ti ṣe mínísítà fún ètò ìlera, ló jáde sọ fún aráyé pé àrùn éèdì ló pa á, nígbà tí ọ̀pọ̀ ẹbí ní Nàìjíríà ò lè dárúkọ àrùn náà. Èrò tó wá wò ó ní Tafawa Balewa Square kò lóǹkà. Ẹgbẹ́ Egypt 80 bọ́ sọ́wọ́ Ṣeun, ọmọ tó kéré jù, tí kò tíì ju ọmọ ọdún 14 lọ. Fẹ́mi àti Yẹni kọ́ New Afrika Shrine sí Ìkẹjà, wọ́n ṣí i lọ́dún 2000. Ọmọ tí wọ́n ní ó sá kúrò lábẹ́ bàbá ló kọ́lé sí orúkọ bàbá.

Ó tún kù. Fẹ́mi tí bàbá rẹ̀ ò rán níléèwé orin rán ọmọ tirẹ̀, Mádé, lọ sí Trinity ní London, iléèwé tí Fẹlá lọ. Lọ́dún 2021, bàbá àti ọmọ jọ gbé àwo méjì pọ̀ jáde, Legacy +. Àwo tí Fẹ́mi àti Fẹlá ò jọ ṣe, Fẹ́mi àti Mádé ṣe é.

Ẹ̀yin bàbá ẹlẹgbẹ́ mi, àwa náà ṣe ti Fẹlá. Ọ̀pọ̀ wa ló fi bàbá sílẹ̀ ní Ìbàdàn, ní Ìjẹ̀bú, ní Adó, tá a wọkọ̀ òfuurufú. A ní ọ̀la wa là ń wá, wọ́n sì ṣàdúrà fún wa. Nígbà tí ọmọ wa bá wá ní òun ń kó lọ sí Texas, tàbí pé òun ò ṣe iṣẹ́ tá a yàn, ṣé ó yẹ ká pè é ní ọ̀tẹ̀? Àgbà tí kò bínú lọmọ ẹ̀ ń pọ̀.

Ẹ̀yin ọmọ náà, tí ẹnì kan bá ń ka èyí fún yín: bàbá tó ń ṣiṣẹ́ òru, tí kì í sọ pé òun fẹ́ràn yín, ìfẹ́ rẹ̀ wà nínú owó iléèwé àti nínú àìsùn. Ẹ dá a mọ̀ níbẹ̀.

Ẹ má dúró de ẹni tó máa kọ́kọ́ pe ẹnìkejì. Fẹlá àti Fẹ́mi rí àyè parí tiwọn, àmọ́ díẹ̀ ló kù kó bọ́. Tó bá di ìrọ̀lẹ́ òní, ẹ gbé fóònù. Bí wọn ò bá gbé e, ẹ tún pè lọ́la. Ó dìgbà kan ná.