Àlùfáà David Hinderer, Olùṣọ́-Àgùntàn ní Ọjọ́ Ebi

Orúkọ Àlùfáà David Hinderer kò ṣàjèjì létí ẹni tí ó bá ti dé Kúdẹ̀tì ní Ìbàdàn rí, nítorí ilé ìsìn tí ó wà níbẹ̀ ń jẹ́ ti Dáfídì Mímọ́ títí di òní. Ẹnikẹ́ni lè béèrè ohun tí àlùfáà Ìbàdàn ń wá nínú ìwé ọdọọdún àwa ọmọ Òkè-Ògùn. Ogun ni ó so ìtàn rẹ̀ mọ́ tiwa. Ogun Ìjàyè tí ó fi ebi pa òun àti ìjọ rẹ̀ kan náà ni ó da oko àwọn bàbá wa rú.

Ọmọ ilẹ̀ Württemberg ni, ní Jámánì. Ẹgbẹ́ C.M.S. ni ó rán an wá, ó sì ti wà ní ilẹ̀ Yorùbá ní 1849. Ní 1851 ó wọ Ìbàdàn, ìlú àwọn jagunjagun, níbi tí àlùfáà òyìnbó kan kò tíì gbé rí. Ó padà lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ gbé Anna Martin níyàwó ní 1852, nígbà tí ó sì di 1853, tọkọtaya náà fi Kúdẹ̀tì ṣe ibùgbé.

Kí a má ṣe rò pé ìlú tú jáde wá gbọ́ ìwàásù. Díẹ̀ díẹ̀ ni ènìyàn ń wá. Olóyè Olúnlóyọ̀ fi ọmọ rẹ̀ méjì, Akínyẹlé àti Yéjídé, lé ìyàwó àlùfáà lọ́wọ́ láti kọ́ ìwé, àwọn sì ni àkọ́kọ́ nínú àwọn ọmọ iléèwé náà. Àwọn mìíràn kò rí irú bàbá bẹ́ẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ wà tí àwọn òbí wọn dè mọ́lẹ̀ tí wọ́n sì nà nítorí pé wọ́n lọ sí ilé Ọlọ́run. Lójú tèmi, níbí ni iṣẹ́ olùṣọ́-àgùntàn ti bẹ̀rẹ̀ ní tòótọ́. Orí àga ìwàásù nìkan kọ́ ni iṣẹ́ náà wà. Ó wà nínú ọgbà àwọn onílé, níbi tí a gbé ń bẹ bàbá tí inú ń bí.

Ní 1859 Aláàfin Àtìbà wàjà, Adélù ọmọ rẹ̀ sì gorí ìtẹ́. Kúrunmí ti Ìjàyè kọ̀ láti júbà fún un, Ìbàdàn sì gbè sẹ́yìn Ọ̀yọ́. Ogun bẹ́ sílẹ̀ ní 1860. Òkè-Ògùn ni Ìjàyè ti ń rí oúnjẹ, nítorí náà Ìbàdàn dá ogun sí ìhà wa láti dí ọ̀nà náà. Ẹ̀gbá gbè sẹ́yìn Ìjàyè, Ìjẹ̀bú náà sì gbógun ti Ìbàdàn, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀nà Èkó ṣe dí mọ́ Ìbàdàn lójú fún nǹkan bí ọdún márùn-ún. Ẹni tí ó ń fi ebi pa ẹnìkejì kò mọ̀ pé ebi ń bọ̀ wá sí ilé òun náà.

Láti Èkó ni owó ẹyọ àti gbogbo ohun ìní àwọn Hinderer ti ń wá. Nígbà tí kò sí èyí tí ó lè kọjá mọ́, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí ta ẹrù ilé, àpótí, agolo òfìfo, àti aṣọ, kí wọ́n lè rí ẹ̀wà àti àgbàdo fún ara wọn àti fún àwọn ọmọ tí ń gbé lọ́dọ̀ wọn. Àwọn ará ìlú, títí kan àwọn tí kì í ṣe onígbàgbọ́, fi oore san oore fún wọn. Nígbà kan àlùfáà fi ẹ̀mí wéwu, ó gba ilẹ̀ Ìjẹ̀bú lọ sí Èkó láti wá owó. Èkó ní oúnjẹ, ó sì ní ọkọ̀ ojú omi tí ń lọ sí ilé, ṣùgbọ́n ó tún gba inú ewu yẹn padà sí Kúdẹ̀tì.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ó yẹ kí àwa ará Òkè-Ògùn sọ láìfi bò. Ojú Ìbàdàn ni Hinderer fi wo ogun náà. Ó gbèjà Ìbàdàn nínú ìwé tí ó ń kọ sí àwọn ọ̀gá rẹ̀, nígbà tí Henry Townsend ní Abẹ́òkúta ń gbèjà Ẹ̀gbá. Olúkúlùkù wọn fẹ́ràn agbo tirẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ẹkún agbo kejì kò fi dún létí rẹ̀ dáadáa. Èmi kò lè pe èyí ní àbùkù pátápátá, ṣùgbọ́n n kò lè yìn ín.

Síbẹ̀, nígbà tí Ìjàyè fọ́ ní March 1862, àwọn ọmọ ogun Ìbàdàn mú òyìnbó kan lẹ́rú níbẹ̀, Edward Roper, tí ó wá rọ́pò Àlùfáà Adolphus Mann. Wọ́n ń béèrè owó ìràpadà lórí rẹ̀. Ilé Hinderer, níbi tí oúnjẹ kò ti tó àwọn onílé, ni Roper padà wá gbé títí ọ̀nà fi là.

Ní 1865, Glover tí ń ṣe àkóso Èkó rán Ọ̀gágun Maxwell láti wá kó wọn. Òru ni ó dé, kò sì sí àkókò láti fi ṣòfò. Ara Anna kò dá, a sì gbé e lọ nínú àga àgbérù. Hinderer fúnra rẹ̀ dúró. Kò tíì ṣètò ẹni tí yóò mójú tó ìjọ, kò sì fẹ́ kí wọ́n jí lówùúrọ̀ kí wọ́n má rí ẹnìkan. Lẹ́yìn tí ó ti parí ètò náà ni ó tó tẹ̀ lé ìyàwó rẹ̀.

Wọ́n tún padà wá ní 1867, ṣùgbọ́n agbára ti tán. Ní 1869 wọ́n fi Ìbàdàn sílẹ̀, Anna sì kú ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1870. Hinderer tún wá ṣiṣẹ́ ní Lẹ́kí àti ní Oǹdó lẹ́yìn náà, ó sì kú ní 1890. Òun kan náà ni ó túmọ̀ ìwé John Bunyan sí Yorùbá, èyí tí a ń pè ní Ìlọsíwájú Èrò-Mímọ́.

Nígbà tí ó lọ, ìjọ mẹ́ta ni ó fi sílẹ̀ ní Ìbàdàn: Kúdẹ̀tì, Arẹ̀mọ àti Ògùnpa. Daniel Olúbí, tí ó ti bá a gbé gẹ́gẹ́ bí ọmọ ọ̀dọ̀, ni ó gba àkóso wọn. Ọmọdé mìíràn tí ó jẹ ẹ̀wà ogun náà ní Kúdẹ̀tì ni Samuel Johnson, ẹni tí ó kọ ìtàn Yorùbá. Òun ni wọ́n rán sí Ọ̀yọ́ lẹ́yìn náà, ó sì ṣe olùṣọ́ ìjọ tí ó wà níbẹ̀ títí ó fi kú ní 1901.