Mánúwà, aṣáájú àwọn dókítà oníṣẹ́ abẹ

Mímọ ìgbà tó yẹ kí abẹ wọ ara aláìsàn kì í ṣe iṣẹ́ kékeré. Bí òkúta bá dí ojú ọ̀nà àpò òróòro ènìyàn, tí àpò náà wú, tí ibà sì dé sí i, ẹ̀mí lè bọ́ níbẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, oògùn ni àwọn dókítà fi ń pẹ̀tù sí i ná, wọn a wá là á lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Irora a sì máa padà wá ká ẹlòmíràn mọ́lé kí ọjọ́ náà tó pé. Lóde òní, láàárín ọjọ́ díẹ̀ ni wọ́n ń fẹ́ yọ àpò náà, àyàfi bí òkúta bá ti ba nǹkan jẹ́ gan-an lẹ́yìn ikùn, tí sùúrù fi di dandan.

Àwọn ọmọ Nàìjíríà tó kọ́kọ́ gbé irú ẹrù yìí rù kò pọ̀. Ọ̀kan nínú wọn ni Sir Samuel Láyínká Ayọ̀dèjì Mánúwà, tí wọ́n bí ní Ìjẹ̀bú-Òde lọ́dún 1903. Àlùfáà ni bàbá rẹ̀, ọmọ ọba Ìtẹ̀bú-Mánúwà sì ni. Ṣùgbọ́n Erékùṣù Èkó ló ti kàwé, ní CMS Grammar School àti King's College, tí méjèèjì kò jìnnà sí Ìsàlẹ̀ Èkó nígbà náà. Edinburgh ló ti gboyè ìṣègùn lọ́dún 1926. Ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ dókítà ìjọba lọ́dún 1927.

Òun ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó yege ìdánwò FRCS, ìyẹn ti àwọn àgbà oníṣẹ́ abẹ. Láyé ìgbà náà, egbò ẹsẹ̀ ń da ọ̀pọ̀ ènìyàn láàmú, egbò tó ń jẹ ẹran ara tí kì í jinná bọ̀rọ̀. Mánúwà fúnra rẹ̀ ló ṣe abẹ àkànṣe kan tí wọ́n fi ń gé ẹran tó ti kú kúrò lójú egbò bẹ́ẹ̀. Ká sọ òótọ́, èyí wú mi lórí ju gbogbo oyè rẹ̀ lọ.

Lọ́dún 1951, ó di ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó darí ẹ̀ka ìṣègùn ìjọba. Bó ṣe di ará ọ́fíìsì nìyẹn, abẹ sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Síbẹ̀, nígbà tí àwọn oníṣẹ́ abẹ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ lọ́dún 1960, òun ni wọ́n fi ṣe ààrẹ àkọ́kọ́. Ẹgbẹ́ náà di kọ́lẹ́ẹ̀jì lọ́dún 1973, ó sì ṣojú rẹ̀ kí ó tó kú lọ́dún 1976.