Orlando Martins: Waka-Pass Tó Di Ìlúmọ̀ọ́ká

Tí ìpolówó ọjà bá jáde lórí tẹlifíṣọ̀n, àwa ọmọ kíláàsì wa kì í wo olókìkí tó gbé ọṣẹ dání. Àwọn tó ń kọjá lẹ́yìn rẹ̀ là ń wò, torí a rò pé ibẹ̀ làwa náà lè bá wọlé. Iṣẹ́ waka-pass nìyẹn. Láti Òsì tàbí Ìlọ́fà níbí, ọ̀nà rẹ̀ jìn díẹ̀. Ẹ jẹ́ n sọ ti ẹni tó wá a dé ìlú òyìnbó fún yín.

Ọjọ́ 8 oṣù Kejìlá, 1899 ni wọ́n bí Orlando Martins ní Èkó. Orúkọ Àgùdà ni Martins. Nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, ó ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ òkun Mauretania, ó ń kó èédú síná. Lẹ́yìn ogun ó jókòó sí London. Ta ló fẹ́ gba èèyàn dúdú síṣẹ́ gidi nígbà yẹn? Ó ru ẹrù ní Billingsgate, ọjà ẹja. Ó ja ìjàkadì, Black Butcher Johnson ni wọ́n ń pè é. Ó fi ejò ṣeré fáwọn èrò ìwòran. (Ẹ̀yin tí ẹ ń sá fún aláǹgbá, ẹ gbọ́ o!) Láàárín gbogbo èyí ló ti ń ṣe waka-pass. Ní 1920 ó dúró lẹ́yìn àwọn oníjó Diaghilev. Ní 1926 ó wọ fíìmù tí kò lóhùn. Tí wọ́n bá pè é, á lọ. Tí wọn ò bá pè é, iṣẹ́ alágbàṣe ṣì wà.

Ní 1935 ó rí ipa kékeré nínú Sanders of the River. Wọ́n kọ́ abúlé Áfíríkà sí Shepperton, lẹ́bàá odò Thames, wọ́n sì kó àwọn èèyàn dúdú tó ń gbé Britain wá kún un. Jomo Kenyatta, tó di olórí Kenya lẹ́yìn náà, wà láàárín èrò yẹn! Ìyìn ìjọba amúnisìn ni fíìmù náà kọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Paul Robeson tó jẹ́ òṣèré ńlá inú rẹ̀ padà kọ̀ ọ́ sílẹ̀. Ibí yìí ló ká mi lára jù. Ta ló ń bi waka-pass léèrè ohun tí àwòrán fẹ́ sọ? Ẹni tó ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn nínú ìpolówó oògùn, ṣé wọ́n sọ fún un bóyá oògùn náà ń ṣiṣẹ́?

Lọ́dún kejì, òun àti Robeson jọ ṣeré Toussaint L'Ouverture tí C.L.R. James kọ, nípa àwọn ẹrú Haiti tó gba ara wọn sílẹ̀. Ìyẹn wù mí ju tàkọ́kọ́ lọ.

The Hasty Heart ló sọ ọ́ di ìlúmọ̀ọ́ká, lórí ìtàgé ní 1945, nínú fíìmù ní 1949. Ronald Reagan, tó di ààrẹ Amẹ́ríkà, wà nínú fíìmù náà. Ipa Blossom ni wọ́n fún Martins, ọmọ-ogun Áfíríkà tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ọkùnrin tó ti gbé London fún nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún!

Ó padà sílé ní 1959, ọdún tí tẹlifíṣọ̀n bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn gan-an. Ní 1970, tó ti lé ní àádọ́rin ọdún, ó ṣeré nínú Kongi's Harvest, ìtàn Wọlé Ṣóyínká, nílẹ̀ wa níbí. Èkó ló kú sí, ní oṣù Kẹsàn-án, 1985.