Samory Touré àti Àwọn Alágbẹ̀dẹ Rẹ̀

Ní nǹkan bí ọdún 1830 ni a bí Samory Touré ní abúlé Manyambaladugu, ní ilẹ̀ tí a ń pè ní Gínì lónìí. Oníṣòwò ni òun náà nígbà èwe rẹ̀, tí ń ti ọjà kan bọ́ sí òmíràn. Nígbà tí ó di ọ̀dọ́mọkùnrin, àwọn jagunjagun ìdílé Cissé kó ìyá rẹ̀ lẹ́rú. Samory kò ní owó ìràpadà, ó sì fi ara rẹ̀ dí i. Ó sin àwọn Cissé fún ọdún púpọ̀ kí wọ́n tó tú ìyá rẹ̀ sílẹ̀, ibẹ̀ ni ó sì ti kọ́ ogun jíjà àti ìbọn yíyìn.

Lẹ́yìn náà ni ó kó ọmọ ogun tirẹ̀ jọ, tí ó ń ṣẹ́gun ìlú kan tẹ̀ lé èkejì, títí ó fi di ọba ńlá tí ìlú Bissandugu jẹ́ olú-ìlú rẹ̀. Ní ọdún 1882 ni òun àti àwọn Faransé kọ́kọ́ pàdé lójú ogun.

Ìbọn tí àwọn Faransé gbé wá kì í ṣe ẹgbẹ́ ṣakabùlà. Ẹnu ṣakabùlà ni a ti ń ki ẹ̀tù àti ọta, inú ọ̀pá rẹ̀ sì ń dán gbọ̀rọ̀, tí ó fi jẹ́ pé bí ọta bá ti jìnnà díẹ̀, ibi tí ó bá wù ú ni yóò gbà. Ẹ̀yìn ni a ti ń ki ti àwọn Faransé. A fín ìlà wíwé sí inú ọ̀pá rẹ̀, èyí tí ń mú kí ọta máa yí bí òkòtó bí ó ti ń lọ, tí kò fi ń yà sọ́tùn-ún tàbí sósì. Irú ìbọn bẹ́ẹ̀ ni àwọn Èkìtì Parapọ̀ rà láti Èkó nígbà Ogun Kírìjì.

Samory ń ra tirẹ̀ lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò Freetown. Kò yẹ kí a fi í pamọ́ pé ẹrú ni ó fi ń wá ẹṣin àti ohun ìjà, ọ̀pọ̀ ìlú tí kò ṣẹ̀ ẹ́ ni ó sì jìyà nítorí èyí. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1890, àwọn ìjọba Yúróòpù péjọ ní Brussels, wọ́n sì fi òfin dè é pé kí ẹnikẹ́ni má ta irú ìbọn wọ̀nyí fún àwọn ènìyàn ilẹ̀ Áfíríkà. Nígbà tí ọ̀nà Freetown dí, Samory kọjú sí àwọn alágbẹ̀dẹ tirẹ̀. Ìtàn sọ pé ó ti rán ọkùnrin kan lọ ṣiṣẹ́ ní ilé ìbọn àwọn Faransé ní Saint-Louis, kí ó lè fi ojú jí iṣẹ́ náà.

Ìbọn Gras ti ọdún 1874 àti Kropatschek ti ọdún 1878 ni wọ́n ń wò ṣe. Wọ́n tú wọn palẹ̀, wọ́n sì ń fi iná, ewìrì àti òòlù rọ ẹ̀yà wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí kò mọ̀ lè rò pé ọ̀ràn irin nìkan ni, ṣùgbọ́n inú igi ni irin ìbọn ń jókòó sí. Bí a bá yìn ín, irin náà a ta sẹ́yìn pẹ̀lú agbára. Bí ihò tí a gbẹ́ fún un bá gbà á láyè láti mì, kò ní padà sí ojú ibi tí ó wà tẹ́lẹ̀, ọta kejì kò sì ní tọ ipa ti èkíní, bí ó ti wù kí ojú ẹni tí ń yìn ín mú tó. Bí ihò náà bá sì fún jù níbì kan, yóò tẹ ọ̀pá ìbọn sí ẹ̀gbẹ́ kan. Òjò ń mú igi wú, ọyẹ́ ń mú un súnkì; nítorí náà igi tí ó ti gbẹ dáadáa ni ó yẹ iṣẹ́ náà. Àwọn oníṣẹ́ ìbọn ayé àtijọ́ a máa fi ohun dúdú bí èyí tí ń wà ní ìdí ìkòkò pa irin lára, wọn a tẹ̀ ẹ́ mọ́ igi, wọn a sì gbé e kúrò. Ibi tí dúdú náà bá lẹ̀ mọ́ ni ó ga jù, ibẹ̀ ni wọn yóò sì máa fá díẹ̀díẹ̀ títí irin yóò fi jókòó pẹ́pẹ́. Lóde òní, oje tí ń le bí òkúta ni a ń fi dí àárín irin àti igi, ṣùgbọ́n ohun kan náà ni a ń wá. Ti Kropatschek tilẹ̀ ṣòro jù, nítorí inú igi rẹ̀, lábẹ́ ọ̀pá, ni ọta méje ń tò sí.

Ọgọ́rọ̀ọ̀rún alágbẹ̀dẹ ni ó ń ṣe iṣẹ́ yìí. Wọ́n ń ṣa èèpo ọta tí a ti yìn, wọ́n sì ń tún un kì. Síbẹ̀, òòlù kò lè ṣe ohun tí ẹ̀rọ ilé iṣẹ́ ńlá ń ṣe, ìwọ̀nba ìbọn díẹ̀ ni ó sì ń jáde lọ́sẹ̀. Nígbà tí àwọn Faransé gba Bissandugu ní ọdún 1892, Samory kó ogun, ènìyàn àti agbẹ̀dẹ rẹ̀ lọ sí ìlà-oòrùn, ó sì tẹ̀dó sí Dabakala. Ní ọdún 1897 ó pa ìlú Kong run, ìlú àwọn onímọ̀ Mùsùlùmí, ìwà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò dárí rẹ̀ jì í.

Ebi ni ó ṣẹ́gun rẹ̀ níkẹyìn. Bí ó ti ń sá gba inú òkè àti igbó lọ ní àkókò òjò, àwọn ọmọ ogun rẹ̀ ń kú, wọ́n sì ń túká. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹsàn-án, ọdún 1898, àwọn Faransé mú un ní Guélémou láìjẹ́ pé ó rí àyè gbé ìbọn. Wọ́n gbé e lọ sí ìgbèkùn ní Gàbọ́ọ̀nù, ibẹ̀ ni ó sì kú sí ní ọjọ́ kejì oṣù Kẹfà, ọdún 1900. Ní ọdún 1968, ìjọba Gínì gbé egungun rẹ̀ padà wá sí Conakry.